Akọ́ṣẹ́ Oníròyìn Kì í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìmọ̀ ìròyìn, wá kí mi ní ilé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oṣù mẹ́ta tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí ó lọ fi kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka eré ìdárayá ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Mo bi í léèrè ohun tí ó rí kọ́. Ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bà tí ó dára jù lọ ní àdúgbò náà."

Nígbà tí mo tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, ó tú kẹ́kẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ni yóò gbá yàrá, òun ni yóò lọ ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí ó wo orí fóònù rẹ̀, kí ó ṣe àdàkọ iye ayò tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù gbá, kí ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, kí ó sì fi ránṣẹ́. Fún odindi oṣù mẹ́ta, kò fi ẹsẹ̀ tẹ pápá ìṣeré kan. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ìròyìn tí ó kọ dára tàbí pé kò dára.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bà náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà lọ tán, inú mi bàjẹ́. Ìdí ni pé èmi náà ti jẹ́ akọ́ṣẹ́ rí ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, lẹ́yìn tí mo parí apá kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo lo ọdún kan gbáko ní ẹ̀ka eré ìdárayá iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi náà ra oúnjẹ. Èmi náà gbé fúlásíkì. Ṣùgbọ́n olóòtú tí mo bá níbẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí ó má kọ́ mi ní ohun kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fi ń jẹun láti ìgbà náà wá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi gbé ọ̀rọ̀ àwọn akọ́ṣẹ́ yìí yẹ̀ wò lónìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ojú ewé eré ìdárayá kò ju ibi ìṣeré lọ. Wọ́n á ní ẹni tí kò lè kọ nípa òṣèlú tàbí ọ̀rọ̀ ajé ni kí wọ́n jù síbẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí. Bí akọ̀ròyìn òṣèlú bá ṣi ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ kọ, ta ni yóò já a nírọ́? Àwọn ènìyàn mélòó ni ó wà nínú yàrá náà? Ṣùgbọ́n bí akọ̀ròyìn eré ìdárayá bá kọ ọ́ pé ẹni tí ó wọ aṣọ nọ́ńbà 9 ni ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó wọ nọ́ńbà 7 ni, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ni ó ti rí ohun tí ó ń ròyìn kí ó tó mú kálàmù. Kò sí ibi tí a ti lè tètè mọ òpùrọ́ tó ibẹ̀, kò sì sí ibi tí ó dára jù ú lọ láti kọ́ ọmọ ní òtítọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ̀ mí lára ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1989. Ní ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wa tí Olátúndé Dísù jẹ́ olùkọ́ni fún ń kojú àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Soviet, tí gbogbo wa ń pè ní Rọ́ṣíà nígbà náà, ní ìlú Dammam ní ilẹ̀ Sáúdí Arébíà. Ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ni. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni ó kù. Ẹni tí ó bá ṣubú, ilé ni yóò gbà lọ. A gbé rédíò sí orí tábìlì, gbogbo wa sì rọ̀gbà yí i ká. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, Rọ́ṣíà ti gbá ọ̀kan wọlé. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Bí wọ́n sì ti padà dé láti ibi ìsinmi, ó di mẹ́rin sí òdo.

Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níkọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan pa rédíò, ẹlòmíràn tún un tàn. Èmi, gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ọ̀gá rí iṣẹ́ ọwọ́ òun, mo jókòó ti ẹ̀rọ taipuráítà. Kí eré tó pé ọgọ́ta ìṣẹ́jú, mo ti kọ ìròyìn náà tán. Mo kọ ọ́ pé wọ́n fi àwọn ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Mo kọ ọ́ pé olùkọ́ni wọn kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Mo tilẹ̀ kìlọ̀ fún ìjọba pé owó tí wọ́n ná lórí ìrìn-àjò náà, kànga ni ó yẹ kí wọ́n fi gbẹ́. Gbólóhùn kànga yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo mú ìwé náà, ó di ọ̀dọ̀ olóòtú.

Kò kà á. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Ṣé fèrè ti dún?"

Mo ní, "Rárá, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n ti gbá wọlé wa."

Ó ní, "N kò bi ọ́ ní iye tí wọ́n gbá. Fèrè ni mo bi ọ́." Ó gba ìwé náà, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó nígbà náà mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìṣẹ́jú 61, Christopher Ohenhen gbá ọ̀kan wọlé. Ní ìṣẹ́jú 75, òun náà ni ó tún gbá ìkejì. Ní ìṣẹ́jú 83, Samuel Elijah gbá ìkẹta. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn rẹ̀, Nduka Ugbade gbá ìkẹrin. Mẹ́rin di mẹ́rin! Wọ́n fi àkókò kún un, kò sí ẹni tí ó gbá òmíràn wọlé. Wọ́n wá gba pẹnáritì, àwọn ọmọ wa sì gbá 5 wọlé sí 3. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń to lẹ́tà sáré jáde pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́, ó dì mọ́ olóòtú, ó sì fi àmì ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀yìn ẹ̀wù funfun rẹ̀. Olóòtú kò bínú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó yọ ìwé mi lábẹ́ ife. Àmì ìdí ife ti yí roboto sí orí gbólóhùn kànga. Ó ní, "Má ya á. Tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá tún ń ṣe ọ́ bíi kí o sáré ju fèrè lọ, kí o mú un jáde kà." Ìwé náà wà nínú àpótí mi títí di òní olónìí.

Mo tún mú un jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025. Ní ọjọ́ náà, àwọn obìnrin wa ń gbá àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú àwọn obìnrin Mòrókò, ní ìlú Rabat, lójú àwọn ará ilé Mòrókò gan-an. Ayò méjì sí òdo ni wọ́n fi ń na àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Mo rí àwọn tí ó ti kọ ìdárò wọn sórí fóònù kí àwọn ọmọbìnrin náà tó mu omi tán. Nígbà tí fèrè dún, 3 sí 2 ni, Nàìjíríà sì ti gba ife náà ní ìgbà kẹwàá. Ọdún 36 ni ó wà láàárín Dammam àti Rabat. Taipuráítà ti lọ, fóònù ti dé, ṣùgbọ́n ìkánjú oníròyìn kò tíì kú. Kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò wò ó sàn. Àgbà tí yóò béèrè pé "Ṣé fèrè ti dún?" nìkan ni oògùn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó jìyà àṣìṣe mi. Wọ́n rán mi lọ sí ibi ìdíje eré sísá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ mí. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ń sá eré 800 mítà, mo wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí mo padà dé, mo bi akọ̀ròyìn kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi léèrè ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní. Ó dárúkọ kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. N kò lọ bá ọmọ náà. N kò lọ bá olùkọ́ rẹ̀. N kò wo ìwé àwọn adájọ́. Orúkọ ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni mo gbé fún ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ wá wá. Káfíńtà ni, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà lórí bàtà rẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn mẹ́ta mọ́ abẹ́ apá. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn náà, ó fi ìka lé e, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ọmọ tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibí yìí?"

Àṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ń sọ ọ́ pé eré sísá yóò ba ìwé ọmọbìnrin náà jẹ́, àti pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ fún òun pé ó ń gba ipò kìn-ín-ní, irọ́ ni. Bàbá ọmọ wá ní kí ó ní sùúrù, nítorí olùkọ́ wọn ti sọ pé àwọn oníròyìn wà ní pápá. Bí ìwé ìròyìn bá jáde, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìwé ìròyìn jáde, ó ra mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn ẹbí ìyá ọmọ, ọ̀kan fún títọ́jú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìwé kà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á sókè, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà níbẹ̀.

Olóòtú pè mí jáde, ó ní, "Bá bàbá sọ̀rọ̀." Mo dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ń pín ogún bàbá rẹ, tí wọ́n wá fi orúkọ ẹlòmíràn pe ìpín tìrẹ, ṣé ìwọ náà á ní àṣìṣe lásán ni?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo rò pé wọn yóò fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ àtúnṣe náà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kan nínú, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn. Olóòtú kò gbà. Ó ní ibi tí a ti ṣe ọmọ náà ní ibi ni kí a ti tún un ṣe. Ojú kan náà ni ó gbé e sí, lẹ́tà tí ó tóbi bákan náà ni ó sì fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n fi owó ara mi wọ ọkọ̀, kí n mú ìwé ìròyìn náà lọ sí ilé wọn, kí n sì kà á fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà. Mo lọ, mo kà á. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kò gbà. Nígbà tí mo ń lọ, ọmọbìnrin náà sìn mí dé ojú títì. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ka ti àkọ́kọ́, ṣé gbogbo wọn ni yóò ka èyí?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ohun tí ó jẹ́ ìlà kan lójú akọ̀ròyìn lè jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ lójú ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ kẹta kò gùn. N kò ní owó ọkọ̀ ní ọjọ́ kan tí wọ́n rán mi lọ wo ìdíje bọ́ọ̀lù ní ìlú kejì. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan gbé mi sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n fún mi ní ìrẹsì àti ẹran ní àlọ, wọ́n sì fún mi ní owó díẹ̀ ní àbọ̀. Wọ́n fìdí rẹmi níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ ìròyìn mi, mo kọ ọ́ pé rẹfirí ni ó fa sábàbí, àti pé bí kò bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, ọ̀mì ni ìbá jẹ́. Olóòtú kà á, ó wojú mi, ó ní, "Ta ni ó fún ọ ní oúnjẹ?" Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ó ní kí n dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan sí i, èyí tí mo fẹ́ kí àwọn olórí iléeṣẹ́ ìròyìn ṣe àkíyèsí: ó lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n máa fún akọ́ṣẹ́ ní owó ọkọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí a rán níṣẹ́ láìfún un ní owó ọ̀nà, a ti tà á fún ẹni tí yóò gbé e.

Olóòtú yìí kan náà ni ó kọ́ mi pé ìṣirò kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ìròyìn. Bí mo bá kọ iye kan, yóò ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà onífífò ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022 ni mo tún rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ni ó fi sá a. Kò sí obìnrin kankan láyé tí ó tíì sá a báyẹn rí. Nínú àṣekágbá ní ọjọ́ kan náà, 12.06 ni ó fi sá a, ó sì gba wúrà. Akọ̀ròyìn tí ó ń kánjú yóò kọ ọ́ pé 12.06 ni ìwọ̀n tuntun fún gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti àwọn eléré náà lẹ́yìn nínú àṣekágbá jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òfin kò sì gba ju mítà 2.0 lọ. Wúrà rẹ̀ dúró, ipò rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n 12.12 ni ó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè nípa afẹ́fẹ́ yóò purọ́ láìmọ̀.

Àbájáde eré mìíràn sì wà tí kì í parí ní ọjọ́ tí wọ́n sá a. Ní ọdún 2000, ní ìlú Sydney, àwọn ọkùnrin wa gba fàdákà, lẹ́yìn Amẹ́ríkà, nínú eré 400 mítà tí àwọn mẹ́rin ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kò fàyè gbà. Oṣù Keje ọdún 2012 ni àjọ Òlíḿpíìkì tó sọ fàdákà wa di wúrà. Sunday Bada, tí ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ó sá àṣekágbá náà, ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí wọn kò sì gbàgbé, ta ni ìbá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wúrà ni bàbá wọn gbà?

Mo wá dé orí èyí tí ó wúwo jù. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, Nàìjíríà gba àlejò Àǹgólà ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè, Èkó. Nàìjíríà borí pẹ̀lú ayò kan sí òdo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, amòfin tí ó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ara kàn án. Kò dìde mọ́. Ẹkún sọ nínú yàrá ìròyìn wa, níbi tí a ti fò sókè ní oṣù mẹ́fà ṣáájú nítorí Dammam.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, oríṣiríṣi àhesọ ti wọlé. Àwọn kan ní wọ́n sà sí i ni. Àwọn kan ní oúnjẹ ni. Ẹnì kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Olóòtú dìde, ó ní, "Dókítà nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó pa ènìyàn. Bí dókítà kò bá tíì sọ̀rọ̀, àwa náà kò ní ọ̀rọ̀." Nígbà tí àyẹ̀wò jáde lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọkàn tí ó tóbi ju bó ti yẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo béèrè ibi tí kí a kọ iye ayò sí, nítorí pé a ti kọ́ wa pé òun ni ó máa ń ṣáájú. Ó ní, "Kọ ọ́ sí ìparí. Ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wà kí bọ́ọ̀lù tó wà."

Gbólóhùn yìí ni mo rántí nígbà tí Ràṣídì Yẹkínì kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, tí wọ́n sì sin ín sí Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara. Òun ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ní ọjọ́ tí ó kú, gbogbo wa ni a kọ̀wé nípa rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti lọ béèrè àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹlẹ́bà wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò kalẹ̀, lábẹ́ àjọ ITF, pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa lọ sí iléeṣẹ́ láti fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá gba ọmọ wọlé, tí kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan, a jẹ́ pé oṣù mẹ́ta nínú ayé rẹ̀ ni a jí gbé.

Mo mọ ohun tí àwọn olóòtú yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní owó kò sí, àwọn tí ń ra ìwé ìròyìn ti dín kù, òṣìṣẹ́ kò tó, àti pé àwọn ọmọ ìwòyí kò ní sùúrù. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. N kò sì sọ pé kí akọ́ṣẹ́ má ṣe rán iṣẹ́ ọ̀gá. Ọmọ tí kò lè ra oúnjẹ wá láìjẹ́ pé ó gbé ṣéńjì dání padà, kò lè ka iye ayò pé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n fa akọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé àgbà kan lọ́wọ́, tí yóò máa ka ìwé rẹ̀, tí yóò sì máa sọ ibi tí ó kù sí fún un. Kí wọ́n fún un ní owó ọkọ̀, kí ẹlòmíràn má baà fún un. Kí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò láti ilé-ẹ̀kọ́ má kàn fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n sì lọ. Kí wọ́n ní kí ó gbé ohun tí ó kọ jáde.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n rán an lọ sí pápá. Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí a ń ṣe àdàkọ ayò wọn lálaalẹ́ ní oníròyìn tiwọn. Wọn kò mọ̀ bóyá a kọ tàbí a kò kọ. Ṣùgbọ́n ìdíje eré sísá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹṣẹ́ kíkàn ní ìgboro wa, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin wa, bí a kò bá kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́. Ibẹ̀ ni akọ́ṣẹ́ ti lè wúlò fún iléeṣẹ́ tí ó gbà á, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti rí ohun tí kò sí lórí fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ kọ́ṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ọ̀gá nìkan. Ẹ mọ òfin eré tí ẹ fẹ́ ròyìn. Ẹ ní ìwé kékeré lọ́wọ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ jẹ́ kí eré 800 mítà parí kí ẹ tó lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó padà wá sí ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé tí ó ń bọ̀. Ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí ilé mi, a ó jọ lọ. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, n ó fi ìwé tí ife tíì yí àmì sí lára hàn án, n ó sì bi í léèrè ohun tí wọ́n bi èmi náà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.